Kómbì Tí Wọ́n Ní Kò Ní í Rìn Mọ́

Nígbà tó pé ogójì ọjọ́ tí wọ́n sin Láyí, ẹbí rẹ̀ jókòó ní pálọ̀ ilé wọn ní Ìkọ̀lé láti pín ohun tó fi sílẹ̀. Ohun tó fi sílẹ̀ kò pọ̀: kámẹ́rà méjì, oko kòkó kékeré kan lẹ́bàá Ìsàn, àga mẹ́fà, àti Kómbì kan tó ti ń sùn nídìí máńgòrò lẹ́yìnkùlé. Wọ́n pín kámẹ́rà. Wọ́n pín oko. Wọ́n pín àga, títí kan èyí tí Sẹ̀ríyà, ìyàwó olóògbé, jókòó lé; wọ́n ní kó dìde kí wọ́n lè kà á mọ́ ọn. Ó dìde.

Ó ku Kómbì. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń kó èrò. Òyìnbó kan tó ń wọn ọ̀nà ló wà á wá láti ìlú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1977, ó gba inú aṣálẹ̀ kọjá, ó sì fi í sílẹ̀ fún Láyí nígbà tó ń lọ, nítorí pé Láyí ló bá a ya fọ́tò gbogbo afárá tó kọ́. Bẹ́ẹ̀dì tó ṣeé ká wà nínú rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù wà, síǹkì kékeré tí wọ́n ti ń fọ abọ́ wà, òrùlé rẹ̀ sì ṣeé gbé sókè bí ìdérí kí èèyàn lè nàró nínú rẹ̀. Láyí fi í kiri àwọn ilé ìwé tó wà láàárín Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, ó ń ya àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò ní fọ́tò pélébé. Sẹ̀ríyà bá a rìn. Ọdún mẹ́jọ ni tọkọtaya náà fi sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn nígbàkígbà tí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ wọn lọ́nà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nọ́ọ̀kì ní 1996, Láyí fi tapólì bò ó, ó ní òun máa tún un ṣe. Kò rí i ṣe tó fi kú.

Afọlábí, àbúrò Láyí, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ló kọ́kọ́ dá a lórúkọ.

"Mo ti bá àwọn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù sọ̀rọ̀. Wọ́n á wá gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á kó o lọ."

Sẹ̀ríyà ní, "Mo fẹ́ ẹ."

"Kí lẹ fẹ́?"

"Kómbì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Bánkọ́lé, olórí ẹbí, kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ràn kí wọ́n máa pe òun ní olódodo, pàápàá níbi tí òdodo náà kò bá ti ní í ná an ní nǹkan kan.

"Ìyàwó," ó wí jẹ́jẹ́, "o ò bímọ fún un. Kí lo fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe?"

"Mo fẹ́ máa sùn nínú ẹ̀, kí n sì máa fi í lọ síbi iṣẹ́ láti ọjà dé ọjà."

"Ọkọ̀ tí kò lè rìn?"

"Á rìn."

Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé gbogbo ojú wà lára òun. "Ó dáa. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí. Tó bá rìn, tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò nínú ulé yìí, tó dé Ìdó, tó sì padà, tirẹ̀ ni. Tó bá di Ọdún Àjíǹde tí kò rìn, àjákù irin ni. Àjákù irin, ti ẹbí ni."

Wọ́n ní Bàbá ti sọ ọ̀rọ̀ àgbà. Oṣù kọkànlá ọdún 1999 nìyẹn.

Ohun tí wọ́n gbàgbé ni pé Sẹ̀ríyà níṣẹ́ lọ́wọ́. Bóyá wọn kò gbàgbé. Bóyá wọn kò kà á kún iṣẹ́ ni. Bùsàrí, bàbá rẹ̀, ló máa ń tún àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń lọ ata àti èyí tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ṣe ní gbogbo ọjà apá ibẹ̀. Ó bí ọkùnrin mẹ́ta. Kò sí èyí tó fẹ́ kí èékánná òun dúdú nínú wọn. Sẹ̀ríyà ni kò kọ̀. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó kọ́kọ́ dá tú odidi ẹ́ńjìnnì palẹ̀, tó tò ó padà, tí nọ́ọ̀tì kankan kò ṣẹ́ kù sílẹ̀. Bùsàrí kú ní 1988. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ìyẹn, bí ọmọ rẹ̀ bá gbé àpò sípánà dé ọjà Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, wọ́n ṣì máa ń bi í pé ta ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tó fẹ́ wá ṣe iṣẹ́ náà.

Lójú ẹgbẹ́ mẹkáníìkì Ìkọ̀lé, Sẹ̀ríyà kì í ṣe nǹkan kan. Kò ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá yóò ṣe ìnáwó, ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un, wọn yóò ya fọ́tò tòun ti sáfíkéètì, ó di mẹkáníìkì nìyẹn, kódà bó bá ń di nọ́ọ̀tì sódì. Bàbá tó kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́ lẹ́yìnkùlé kò ní sáfíkéètì tó lè fún un. Síbẹ̀, kò fẹ́ kí wọ́n wí pé òun kò kọ́kọ́ bèèrè. Ó lọ bá Jùwọ́nlọ, alága ẹgbẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Alága, mo fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì sínú Kómbì Láyí. Mo ń wá ẹni tó máa bá mi gbé e wọlé."

Jùwọ́nlọ pe àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n wá gbọ́. "Ẹ tún un wí, madaàmù."

Ó tún un wí.

"Kómbì tí kò ní rédíétọ̀? Tó jẹ́ afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é?"

"Mo máa fi rédíétọ̀ sí i."

"Níbo?"

"Níwájú."

"Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, rédíétọ̀ wà níwájú. Ṣé wọ́n á máa kọ lẹ́tà síra wọn ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, Jùwọ́nlọ ní ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ náà, kí orúkọ ẹgbẹ́ má baà bàjẹ́. Sẹ̀ríyà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ.

Kì í ṣe orí kunkun ló mú un yan dísẹ́ẹ̀lì. Ní àkókò yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ra epo bẹntiróòlù ní Ìkọ̀lé yóò to ọkọ̀ sílé epo, yóò lọ sí oko, yóò padà dé, ìlà kò ní í tíì sún. Orílẹ̀-èdè tí ń wa epo nílẹ̀, tí ń to ìlà fún epo: a kò ní í sọ púpọ̀ nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n dísẹ́ẹ̀lì wà nínú dúrọ́ọ̀mù ní gbogbo ọjà tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́, nítorí pé òun ni àwọn ẹ́ńjìnnì ibẹ̀ ń mu. Ibi tí Sẹ̀ríyà ń lọ, epo ọkọ̀ rẹ̀ á ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ìṣirò tó ṣe kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó rí ẹ́ńjìnnì náà ní Ìfàkì. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan, ọmọ ọdún mẹ́rin péré, ti lọ forí sọ igi. Iwájú rẹ̀ rún, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò fara pa. Ẹni tó ni ín ń wá ẹ̀rọ ìlọta fún ìyàwó rẹ̀. Sẹ̀ríyà ní ọ̀kan, èyí tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, tó ń fi jẹun. Ó gbé e fún un, ó gba ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó bá a yọ ẹ́ńjìnnì náà kò ní sùúrù. Wọ́n fi ọ̀bẹ gé gbogbo wáyà tó wà lára rẹ̀ bí ẹni gé okùn ìdì igi.

Wàsíù, tó ń ṣe rìwáyà, iṣẹ́ iná ọkọ̀, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, nítorí náà ó lè wá. Ó yí ẹ́ńjìnnì náà po lẹ́ẹ̀mẹta, ó jókòó lé òkúta.

"Ìyá, wọ́n ti gé e lórí. Irú èyí ní bùréènì. Àpótí kékeré kan ló máa ń sọ fún pọ́ǹpù rẹ̀ iye epo tó máa tú. Àpótí ò sí, wáyà ti di èérún. Kò lè ṣiṣẹ́ mọ́."

"Ẹ́ńjìnnì tó ń lọ ata, ṣé ó ní bùréènì?"

"Kò ní."

"Ṣé kì í ṣiṣẹ́?"

Wàsíù wò ó. "Ẹ̀yin náà lẹ mọ̀ ọ́n."

Òun náà ló mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ó tú pọ́ǹpù tó ń dúró de àṣẹ àpótí kúrò. Ó lọ sí Ọ̀yẹ́, níbi tí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan, ará ilé kan náà pẹ̀lú èyí, ti ń di ilé adìyẹ, ó sì tú tirẹ̀ wá: pọ́ǹpù irin lásán, tí kò mọ wáyà, tí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibi tí wọ́n ti ń dì í kò bára mu dáadáa. Ó fi fáìlì fá a. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi fá a, nítorí pé bó bá fá a jù, kò sí òmíràn.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bá iṣẹ́ náà lọ láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ó fi páálí wọn ojú gíà Kómbì àti ojú ẹ́ńjìnnì, ó gé irin pẹlẹbẹ nípọn ìka kan, ó lu ihò sí i, ó sì fi so àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹ́ńjìnnì náà ga ju àyè tó wà fún un lọ. Ó gé ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi páánù ṣe ìdérí sórí rẹ̀, ó sì gbé bẹ́ẹ̀dì sókè ní ìbú ọwọ́ kan. Ó fi páìpù omi, irú èyí tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ fún ẹ̀rọ omi tí kì í yọ, mú ọ̀nà omi gba abẹ́ ọkọ̀ láti ẹ̀yìn dé iwájú. Àwọn ará ilé ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Afọlábí máa ń dúró díẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ kú uṣẹ́ o. Ṣé ẹ ò ní í fi ìyẹ́ sí i kó máa fò?"

"Tó bá yẹ ní fífi, mo máa fi sí i, ọkọ mi."

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń di rédíétọ̀ mọ́ iwájú, Jùwọ́nlọ gbé ọ̀kadà kọjá. Ó dúró, kò sọ̀ kalẹ̀.

"O ti yọ tẹ́mósítáàtì?"

"Mi ò tíì yọ ọ́."

"Yọ ọ́. Tòkunbọ̀ tí a ò bá yọ tẹ́mósítáàtì ẹ̀, oòrùn ibí á pa á. Mo fìyẹn ta ẹ́ lọ́rẹ."

Gbogbo mẹkáníìkì láti Ìkọ̀lé dé Ìdó ló máa ń yọ ọ́. Ohun kékeré bí ìdérí ìgò ni, inú ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì ló wà. Wọ́n ní àwọn ìlú olótùútù ni wọ́n ṣe é fún. Bí tòkunbọ̀ bá ti wọlé, nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n máa jù nù nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bèèrè rí ohun tó ń ṣe níbi tí wọ́n fi sí. Sẹ̀ríyà náà kò bèèrè. Ẹ́ńjìnnì ata kò ní irú rẹ̀, bàbá rẹ̀ kò sì kọ́ ọ. Ó yọ ọ́, ó jù ú sínú agolo mílíìkì. Nínú gbogbo iṣẹ́ yẹn, ibẹ̀ nìkan ló ti ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú Àjíǹde, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ó kọ́kọ́ tú èéfín funfun, ó gbọ̀n gbogbo ara ọkọ̀ bí ẹni tí ibà mú, lẹ́yìn náà ó balẹ̀ sórí ohùn kan, ohùn wúwo, ohùn ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jà. Sẹ̀ríyà yí pọ́ǹpù síwájú ní ìwọ̀n irun orí, ó fetí sí i, ó dì í pa. Àwọn ará ilé jáde wá wò ó. Kò wo ẹnì kankan. Ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó wà á gba ojú títì lọ, ó kọrí sí ọ̀nà Ọ̀yẹ́.

Kò dé Ìtapà. Lórí òkè kan tó gùn, omi hó, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú ooru láti ẹ̀yìn, Sẹ̀ríyà sì pa á kíá kí ẹ́ńjìnnì má baà jóná. Ọkọ̀ apákó kan ló fi ṣéènì fà á padà sí Ìkọ̀lé ní ọ̀sán gangan, ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Jùwọ́nlọ kọjá. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn tò síwájú ṣọ́ọ̀bù bí ẹni ń wo òkú tó ń kọjá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Afọlábí mú oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù wá. Ọkùnrin náà fi ìka kan ara Kómbì káàkiri bí ẹni tó ń wá èyí tó pọ́n nínú ìbẹ́pẹ.

"Ẹ sọ fún un kó padà wá lẹ́yìn Àjíǹde," Sẹ̀ríyà wí láti abẹ́ ọkọ̀.

"Ìyàwó, kí lẹ tún ń dúró dè? Gbogbo mẹkáníìkì ìlú yìí ló ti sọ fún yín."

"Wọ́n sọ. Kí ni wọ́n mọ̀?"

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó tan ọkọ̀ níbi tó wà, ó jẹ́ kó gbóná, ó sì ń fi ọwọ́ kan páìpù lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn, ó gbóná tó fi bó o lọ́wọ́. Níwájú, rédíétọ̀ tutù. Ó tún fọwọ́ kàn án. Ó tutù bí ìkòkò omi tí ẹnikẹ́ni kò tíì bù nínú rẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó jókòó sílẹ̀, ó rò ó. Tí ooru bá pọ̀ jù fún rédíétọ̀ ni, rédíétọ̀ á gbóná. Kò gbóná. Ìyẹn ni pé omi kò débẹ̀. Ibòmíràn ni omi ń gbà.

Ó tú ibi tó ti yọ tẹ́mósítáàtì, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan gùn, ó lọ sí rédíétọ̀. Èkejì kúrú, ó yí padà sínú ẹ́ńjìnnì. Ó wá tẹ́mósítáàtì jáde láti inú agolo, ó fi okùn so ó kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná, ó sì ń wò ó. Bí omi ṣe ń gbóná, ohun kékeré náà rọra là lápá kan, ó sì na ẹsẹ̀ jáde lápá kejì. Ẹsẹ̀ yẹn ló máa ń dí ọ̀nà kúkurú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, kí omi má baà rí ibi sá sí, kó lọ tutù. Wọ́n ń yọ ọ́ kí ọkọ̀ má baà gbóná. Yíyọ tí wọ́n ń yọ ọ́ ló ń mú irú ọkọ̀ yìí gbóná. Ó ro iye ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tó ti jóná láàárín Ìkọ̀lé àti Ìdó, tí wọ́n sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru oòrùn.

Ó dá a padà sáyè rẹ̀. Inú bí i, kì í ṣe sí Jùwọ́nlọ. Sí ara rẹ̀ ni, nítorí pé ó gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láìfi ọwọ́ kàn án.

Ní Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, ó lọ pe Bàbá Bánkọ́lé kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Bàbá wọ agbádá, ó jókòó síwájú. Títí dé Ìdó, ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó ń kí àwọn tó mọ̀ àti àwọn tí kò mọ̀. Ní Ọ̀yẹ́, ó ní kí Sẹ̀ríyà rọra lọ kí ọ̀rẹ́ òun kan lè rí òun. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, òkè tó kọ́kọ́ dá ọkọ̀ dúró ti kọjá lábẹ́ wọn, abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn kò sì kúrò láàárín. Wọ́n dé Ìdó, wọ́n yí padà. Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, Kómbì wọ inú ilé tó ti jáde, ẹbí sì ti ń dúró.

Bàbá sọ̀ kalẹ̀. Ó tún agbádá rẹ̀ ṣe.

"Pa ẹ́ńjìnnì."

"Mò ń gbọ́ yín, Bàbá."

"Mo ní kó o pa á ká lè jọ sọ̀rọ̀."

"Ẹ máa sọ ọ́."

Bàbá ní láti gbé ohùn sókè. "Ọkọ̀ rìn. Mo kí ọ, o gbìyànjú. Ṣùgbọ́n mo ti ń rò ó bọ̀ láti Ìfàkì. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn, àjákù ni ọkọ̀ yìí. Kì í ṣe àjákù mọ́. Ọkọ̀ tó ń rìn, ogún ni, ogún sì jẹ́ ti ẹbí. A ó jókòó, a ó wo ohun tó tọ́ sí ọ."

"Ẹ ní tó bá dé Ìdó tó sì padà, tèmi ni."

"Mo wí bẹ́ẹ̀."

"Ṣé kò dé Ìdó ni?"

"Ó dé ibẹ̀. Ṣebí èmi náà wà nínú ẹ̀."

Afọlábí ti ìhà kejì yọ, ó na ọwọ́ wọlé lójú fèrèsé. "Kọ́kọ́rọ́, ìyàwó. Ẹ má jẹ́ ká fa ọ̀rọ̀ gùn."

"Ọkọ mi, ẹ yọ ọwọ́ yín."

Kò pariwo bó ṣe wí i. Afọlábí yọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì lọ dúró sẹ́yìn ọkọ̀, ó ká apá mọ́yà. Sẹ̀ríyà fi gíà sẹ́yìn. Ó rọra ń bọ̀. Afọlábí rò pé yóò dúró. Sẹ̀ríyà kò sáré, kò sì dúró. Afọlábí lu ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ní ìgbátí méjì, ó sì kúrò lọ́nà. Kómbì yí orí padà síta, ó gba ojú títì, kò sì sí ẹni tó bá a sáré nínú gbogbo wọn, nítorí pé kò sí ẹni tó lọ́kọ̀ níbẹ̀.

Ó wà ní ọjà Ìjẹ̀ṣà-Iṣu nígbà tí Afọlábí rí i, ní ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ìyẹn. Ó ti gbé òrùlé Kómbì sókè, aṣọ tó fọ̀ wà lórí okùn, òun fúnra rẹ̀ sì wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ Bùkọ́lá, obìnrin tó ń ta gàrí níbẹ̀. Afọlábí sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, eruku ti sọ bàtà ọ́fíìsì rẹ̀ di pupa.

"Bàbá rán mi sí yín. Wọ́n ní kò sí ìjà. Ẹ dá ọkọ̀ padà, kí ẹbí lè jókòó, ká fún yín bó ṣe yẹ."

"Ẹ sọ fún Bàbá pé mo ti gbà á."

"Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń gba nǹkan nìyẹn."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń gbà á?"

Afọlábí sún mọ́ ọn láti ṣàlàyé. Bùkọ́lá, tó jókòó lórí àpò ẹ̀gẹ́, ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún kúrò níbi ìmọ́lẹ̀. Ẹ ń dí wọn lójú."

Ó sún. Kò mọ ohun tó tún kù tó lè ṣe, nítorí náà ó dúró, ó ń wò ó bó ṣe ń di nọ́ọ̀tì tó gbẹ̀yìn. Sẹ̀ríyà yí irin, ẹ̀rọ dáhùn, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹ̀gẹ́ sí i, ariwo náà sì bo gbogbo ohun tí Afọlábí ń wí. Ẹnu rẹ̀ ń lọ. Sẹ̀ríyà nu ọwọ́, ó ká aṣọ rẹ̀, ó fa òrùlé sílẹ̀, ó sì bọ́ sídìí ọkọ̀. Wọ́n ti ránṣẹ́ iṣẹ́ pè é láti ọjà Ẹ̀dá-Oníyọ̀ láti àná.